Phnom Penh: ìlú tí wọ́n kó gbogbo èèyàn inú rẹ̀ jáde

Bí ẹ bá gbé báàgì pọ̀n, tí ẹ sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní Phnom Penh, olú ìlú Kàmbódíà, oníkẹ̀kẹ́ Márúwá ni yóò kọ́kọ́ pè yín. Yóò na páálí kan tí wọ́n fi ọ̀rá bò sí yín, àwòrán ibi tó lè gbé yín lọ ló wà lára rẹ̀: ààfin ọba, ọjà, etí odò, túbú kan tó jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ tẹ́lẹ̀, oko tí wọ́n sin òkú ẹgbẹẹgbẹ̀rún sí, àti pápá kan tí àlejò ti lè sanwó yìnbọn ṣeré. Gbogbo rẹ̀ lórí páálí kan ṣoṣo, pẹ̀lú iye tó máa gbà. Tẹ̀rín-tẹ̀rín ló sì fi ń sọ ọ́.

Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń rú àlejò lójú. Ṣé ìlú ọ̀fọ̀ nìyí ni àbí ìlú fàájì? Ta ló pa ta? Mo ti bá àwọn tó lo ọjọ́ mẹ́ta ní Phnom Penh pàdé nínú yàrá oníbẹ́ẹ̀dì mẹ́jọ, tí wọ́n ti rí gbogbo ohun tó wà lórí páálí yẹn tán, síbẹ̀ tí wọ́n ń sọ pé Vietnam ló ṣe ìpakúpa tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ láti 1975 sí 1979. Òmíràn ní Amẹ́ríkà ni. Òmíràn tilẹ̀ rò pé "Khmer" ni orúkọ àwọn apààyàn. N kò dá wọn lẹ́bi pátápátá, ìtàn náà ta kókó.

Ohun tó tú kókó náà fún èmi ni pé mo dẹ́kun ríronú nípa agbárí àti kòtò fún ìgbà díẹ̀, mo wá ń ronú nípa ìlú fúnra rẹ̀: ìlú tí wọ́n tú láàárín ọjọ́ díẹ̀, tó di ahoro fún ọdún mẹ́ta ó lé, tí àwọn ẹlòmíràn sì tún wá kún inú rẹ̀. Púpọ̀ nínú ohun tí ẹ ó rí ní Phnom Penh lónìí, láti orí owó tí wọ́n ń ná dé orí ẹ̀rín oníkẹ̀kẹ́ yẹn, ibẹ̀ ló ti wá.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ná

Khmer ni orúkọ ẹ̀yà tó pọ̀ jù ní Kàmbódíà, òun náà ni orúkọ èdè wọn. Ìyá tó ń ta ìrẹsì fún yín, Khmer ni. Ọba wọn, Khmer ni. Ẹni tí wọ́n pa, Khmer ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni tó pa á náà, Khmer ni. "Khmer Rouge", orúkọ ẹgbẹ́ kọ́múníìsì tó ṣe ìpakúpa náà, jẹ́ èdè Faransé, "Khmer pupa" ni ìtumọ̀ rẹ̀, nítorí pé pupa ni àwọ̀ àwọn kọ́múníìsì. Norodom Sihanouk tó ń ṣe olórí orílẹ̀-èdè náà ní àwọn ọdún 1960 ló sọ wọ́n bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n gba ìjọba, ará ìlú kò tilẹ̀ mọ orúkọ ẹni tó ń ṣe olórí wọn. "Angkar" nìkan ni wọ́n ń gbọ́, ìyẹn "Ẹgbẹ́". Angkar ní kí ẹ kó lọ. Angkar ní kí ẹ máa walẹ̀. Wọ́n a sì máa sọ pé Angkar ní ojú bí ọ̀pẹ òyìnbó, pé kò sí ibi tí kò rí.

Kampuchea àti Cambodia kì í ṣe orílẹ̀-èdè méjì. Bí àwọn Khmer ṣe ń pe orúkọ ilẹ̀ wọn ni àkọ́kọ́, ìkejì ti ẹnu òyìnbó wá. Ní ti orúkọ ìlú, òkè ni "phnom". Wọ́n ní opó kan tó ń jẹ́ Penh ló rí igi ńlá kan tó ń léfòó lórí odò, ère Búdà mẹ́rin wà nínú ihò igi náà, ó sì ní kí àwọn aládùúgbò bá òun kó erùpẹ̀ jọ di òkè, kí òun kọ́ ojúbọ fún àwọn ère náà lórí rẹ̀. Ọdún 1372 ni ìtàn àbáláyé fi í sí. Òkè Penh, bí a ṣe ń sọ pé Òkè Àdó. Òkè náà, Wat Phnom, ṣì wà láàárín ìlú, ọ̀bọ wà lórí igi rẹ̀ nígbà mìíràn, wọ́n á sì gba ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ yín tí ẹ kò bá ṣọ́ra.

Bí ìlú ṣe tú

Faransé ló wà lórí Kàmbódíà láti 1863 títí di 1953. Lẹ́yìn òmìnira, Phnom Penh di ìlú tí àwọn aládùúgbò ń wò pẹ̀lú ìlara. Vann Molyvann, ayàwòrán-ilé ọmọ ilẹ̀ náà, ló ya Ọwọ̀n Òmìnira tó dúró ní oríta títí dòní. Ṣùgbọ́n ogun ń jà ní Vietnam lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, iná rẹ̀ sì ràn. Láti 1969 títí di 1973 ni ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà ń da bọ́ǹbù sí ìgbèríko Kàmbódíà, pé àwọn ń lé àwọn ọmọ ogun Vietnam tó fara pamọ́ síbẹ̀. Ní oṣù kẹta 1970, Ọ̀gágun Lon Nol àti àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yọ Sihanouk nípò nígbà tó wà lẹ́yìn odi. Sihanouk bá ara rẹ̀ ní Ṣáínà, inú ń bí i, ó sì ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ àlejò kì í gbọ́: ó bọ́ sórí rédíò, ó ní kí àwọn èèyàn òun wọ igbó lọ bá àwọn Khmer Rouge, àwọn kan náà tí òun fúnra rẹ̀ ń lé kiri tẹ́lẹ̀.

Ẹ dúró díẹ̀ sórí èyí. Ọmọ àgbẹ̀ tó gbé ìbọn ní 1971 kò ka ìwé kọ́múníìsì kankan. Ọba ló ní kó wá. Ó sì lè jẹ́ pé bọ́ǹbù ti jó abúlé bàbá rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá ní "Amẹ́ríkà ni" kò fi purọ́ tán pátápátá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sọ òótọ́ tán.

Àwọn tó ń sá fún ogun rọ́ wọ Phnom Penh títí èèyàn inú rẹ̀ fi tó mílíọ̀nù méjì. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin 1975, àwọn ọmọ ogun Khmer Rouge wọlé: aṣọ dúdú, bàtà tí wọ́n gé lára táyà ọkọ̀, gèlè onígun-gún tí wọ́n ń pè ní krama lọ́rùn wọn. Ọ̀pọ̀ lára wọn kò ju ọmọdé lọ. Ará ìlú bọ́ síta, wọ́n ń yọ̀, wọ́n rò pé ogun ti parí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn pàṣẹ pé kí gbogbo èèyàn jáde: Amẹ́ríkà fẹ́ ju bọ́ǹbù, ọjọ́ mẹ́ta péré ni, ẹ má wulẹ̀ ti ilẹ̀kùn. Wọ́n kó aláìsàn kúrò ní ilé ìwòsàn, àwọn mìíràn lórí bẹ́ẹ̀dì tí ẹbí wọn ń tì lójú títì. Aboyún bímọ sẹ́bàá ọ̀nà. Oṣù kẹrin ni oòrùn máa ń mú jù ní ilẹ̀ yẹn.

Ọjọ́ mẹ́ta náà di ọdún mẹ́ta, oṣù mẹ́jọ àti ogún ọjọ́. Iye yìí kì í ṣe ìṣirò tèmi o. Bí àwọn ará Kàmbódíà ṣe ń pè é nìyẹn, gbogbo àgbàlagbà ló mọ̀ ọ́n lórí. Ẹ óò gbọ́ ọ.

Kí ló dé tí ìjọba á fi kó olú ìlú ara rẹ̀ dànù? Ìdáhùn wọn rọrùn, ohun tó bani lẹ́rù nínú rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n gbà pé ìlú ńlá ló ń fa ẹ̀jẹ̀ àgbẹ̀ mu: ọjà, owó, oníṣòwò, òṣìṣẹ́ ìjọba. Ẹ tú ìlú, ẹ fagi lé owó, kí oníkálùkù máa gbin ìrẹsì. Tọ́ọ̀nù mẹ́ta lórí hẹ́kítà kan ni wọ́n fi lé wọn lọ́rùn, ilẹ̀ tí kò so tó bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n fi bọ́ǹbù wó ilé báńkì ìjọba. Wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n bọ́ aṣọ lára àwọn àlùfáà Búdà, wọ́n wó kàtídírà Kátólíìkì ìlú náà débi pé kò ku òkúta kan. Ẹni tó ti ìlú wá di "èèyàn tuntun", ẹni tó ti wà ní oko di "èèyàn ìpìlẹ̀". Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ sí èèyàn tuntun ni pé bí a tọ́jú rẹ, kò lérè. Bí a pàdánù rẹ, kò lófò.

Ta sì ni àwọn olórí tó kórìíra ìwé tó báyìí? Àwọn tó kàwé ni. Pol Pot, tí orúkọ àbísọ rẹ̀ ń jẹ́ Saloth Sar, lọ sí Paris lórí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ó padà wá ṣe olùkọ́. Khieu Samphan gba oyè dókítà nínú ètò ọrọ̀ ajé ní Paris kan náà. Duch tó ṣe ọ̀gá túbú, olùkọ́ ìṣirò ni.

Láàárín mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ sí mílíọ̀nù méjì èèyàn ló kú, nínú orílẹ̀-èdè tí èèyàn inú rẹ̀ kò tó mílíọ̀nù mẹ́jọ ní kíkún. Kì í ṣe gbogbo wọn ni wọ́n lù pa. Ebi pa púpọ̀, ibà pa púpọ̀, iṣẹ́ pa púpọ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ tó di túbú

Tuol Sleng wà láàárín ilé àwọn èèyàn, kì í ṣe lẹ́yìn ìlú. Ilé ẹ̀kọ́ girama ni: ilé alájà mẹ́ta mẹ́rin, pápá koríko láàárín, òpó irin tí àwọn ọmọ fi ń ṣe eré ìdárayá. Àwọn Khmer Rouge sọ ọ́ di S-21. Wọ́n mọ bíríkì pín yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ sí ihò tóóró tí èèyàn kan kò lè na ẹsẹ̀ nínú rẹ̀ dáadáa, wọ́n ta wáyà ẹlẹ́gùn-ún bo ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí ẹlẹ́wọ̀n má bàa bẹ́ sílẹ̀ pa ara rẹ̀. Pátákó ìkọ̀wé ṣì wà lára ògiri nínú àwọn yàrá kan. Èyí ló kọ́kọ́ mú ọkàn mi, kì í ṣe ẹ̀wọ̀n irin.

Ilé ẹjọ́ tó gbọ́ ẹjọ́ wọn lẹ́yìn náà ka ẹni tí wọ́n tì mọ́bẹ̀ tí wọ́n sì pa, kò dín ní 12,272. Àwọn olùṣèwádìí kan sọ pé ó lè tó 18,000. Àwọn tó yè é tí a mọ̀ kò ju bíi méjìlá lọ, a ń ka àwọn ọmọdé mélòó kan mọ́ ọn. Vann Nath àti Bou Meng yè nítorí pé wọ́n mọ àwòrán yà, wọ́n ń ya Pol Pot. Chum Mey yè nítorí pé ó mọ ẹ̀rọ tún ṣe. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni Chum Mey àti Bou Meng fi ń jókòó sínú àgbàlá náà, tí wọ́n ń ta ìwé ìtàn ara wọn fún àlejò, nínú ọgbà kan náà tí wọ́n ti fi ìyà jẹ wọ́n.

Ohun tí àlejò kì í mọ̀ nìyí, òun ló sì tú ìbéèrè "ta ló pa ta" fún mi. Àwọn fọ́tò tó kún ara ògiri níbẹ̀, ojú sí ojú, ọgọ́rọ̀ọ̀rún, ẹ óò rò pé dókítà àti tíṣà Phnom Penh ni gbogbo wọn. Rárá. Púpọ̀ jù nínú àwọn tó kú ní S-21 jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Khmer Rouge fúnra wọn, pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ wọn. Ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí fura sí ara rẹ̀. Wọ́n á lu èèyàn títí á fi jẹ́wọ́ pé amí Amẹ́ríkà ni òun, tàbí amí Vietnam, tàbí ti méjèèjì, á dárúkọ ogún ẹlòmíràn, wọ́n á lọ kó ogún yẹn wá. Ẹ̀ṣọ́ tó ti ń lu èèyàn lóṣù tó kọjá, fọ́tò tirẹ̀ náà lè wà lára ògiri lóṣù yìí. Nítorí náà ẹ kò ní mọ ẹni tí ẹ ń wò. Àwọn arìnrìn-àjò òyìnbó mélòó kan tí ọkọ̀ ojú omi wọn gbé wọ omi Kàmbódíà náà wà níbẹ̀. Wọ́n jẹ́wọ́ pé amí ni àwọn, wọ́n sì pa wọ́n.

Láti S-21, ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n fi ń kó wọn lóru lọ sí Choeung Ek, bíi kìlómítà 15 sí gúúsù. Ọgbà eléso ni tẹ́lẹ̀, itẹ́ òkú àwọn Ṣáínà sì wà níbẹ̀. Wọ́n ń ṣún ọta ìbọn ná, ọkọ́ àti ọ̀pá irin ni wọ́n fi ń pa wọ́n, wọ́n á yí rédíò sókè kí ará oko má bàa gbọ́ igbe. Kòtò 129 ni wọ́n rí níbẹ̀, wọ́n hú 86 nínú wọn ní 1980, wọ́n kó òkú tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 9,000 jáde. Ìyókù ni wọ́n fi sílẹ̀ kí wọ́n sinmi. Ilé gíga onígíláàsì tí wọ́n kó agbárí sí, 1988 ni wọ́n kọ́ ọ. Nígbà òjò, erùpẹ̀ á ṣí, aṣọ àti egungun kékeré á yọ lójú ọ̀nà. Àwọn òṣìṣẹ́ ni yóò ṣà á. Ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má sì tẹ̀ ẹ́.

Àlejò máa ń rò pé Choeung Ek nìkan ni "oko ìpànìyàn". Irú rẹ̀ pọ̀ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún káàkiri ilẹ̀ náà, ọ̀pọ̀ kò ní ju ojúbọ kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ní oṣù keje 2025, UNESCO fi Tuol Sleng, Choeung Ek àti túbú àkọ́kọ́ wọn tí wọ́n ń pè ní M-13 sínú àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé.

Ta ló lé wọn, ta ló jẹ́jọ́?

Vietnam ló lé wọn. Ọjọ́ 7 oṣù kìíní 1979 ni ọmọ ogun Vietnam wọ Phnom Penh, ìlú tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Òórùn ni wọ́n ní ó mú àwọn akọ̀ròyìn Vietnam dé Tuol Sleng. Kì í ṣe àánú nìkan ló mú Vietnam wá: àwọn Khmer Rouge ti ń wọ ibodè pa àwọn ará abúlé Vietnam. Lẹ́yìn tí wọ́n lé wọn tán, wọn ò tètè lọ. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n lò. Ìdí nìyẹn tí ọjọ́ 7 oṣù kìíní fi jẹ́ ọjọ́ ìgbàlà lẹ́nu ẹnì kan, tó sì jẹ́ ọjọ́ tí àjèjì gba ilẹ̀ wọn lẹ́nu ẹlòmíràn, nínú ilé kan náà nígbà mìíràn.

Èyí tó tún le ju ìyẹn lọ ni ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ṣáínà, Amẹ́ríkà àti Bìrìtìkó kò fẹ́ kí Vietnam jèrè, nítorí Soviet ló wà lẹ́yìn Vietnam. Nítorí náà, fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn 1979, aṣojú àwọn Khmer Rouge ló jókòó sórí àga Kàmbódíà ní New York. Ẹni tí wọ́n pa ẹbí rẹ̀, ẹni tó pa wọ́n ló ń ṣojú rẹ̀. Wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ní Paris ní oṣù kẹwàá 1991, síbẹ̀ Pol Pot ṣì wà nínú igbó lẹ́bàá Táílàǹdì títí ó fi kú lórí bẹ́ẹ̀dì ní oṣù kẹrin 1998. Kò dé iwájú ilé ẹjọ́ àgbáyé kankan.

Ilé ẹjọ́ tí Kàmbódíà àti Àjọ náà jọ gbé kalẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2006, ó parí ẹjọ́ rẹ̀ ní 2022. Èèyàn mẹ́ta péré ló dá lẹ́bi: Duch, Khieu Samphan àti Nuon Chea tó jẹ́ igbákejì Pol Pot. Kókó kan wà nínú ìdájọ́ yìí tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu. Ìpẹ̀yàrun, ní ojú òfin, ni kí ẹnì kan fẹ́ pa ẹ̀yà kan tàbí ẹlẹ́sìn kan run nítorí ohun tí wọ́n jẹ́. Èyí ni ilé ẹjọ́ dá Nuon Chea lẹ́bi lé lórí ní ti àwọn ará Vietnam tó ń gbé ibẹ̀ àti àwọn Cham tí wọ́n jẹ́ mùsùlùmí, ó sì dá Khieu Samphan lẹ́bi ní ti àwọn ará Vietnam nìkan. Ti àwọn Khmer tí Khmer pa, tó pọ̀ jù, orúkọ mìíràn ni òfin pè é: ìwà ọ̀daràn sí ọmọ ènìyàn. Kì í ṣe pé ó kéré. Òfin ìpẹ̀yàrun kàn ò ka ẹni tí wọ́n pa nítorí ọ̀rọ̀ òṣèlú mọ́ ọn ni.

Àwọn ọmọ ogun kéékèèké kò jẹ́jọ́. Wọ́n padà sí abúlé, wọ́n ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí wọ́n ṣe ní ibi. Hun Sen tó ṣe olórí ìjọba láti 1985 títí di 2023, tí ọmọ rẹ̀ Hun Manet sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ ogun Khmer Rouge ni òun náà kó tó sá lọ sí Vietnam ní 1977. Tí ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ bá rọra yí ọ̀rọ̀ padà sórí ojú ọjọ́, ẹ bá a yí i.

Ìlú tó tún kún

Lẹ́yìn 1979, èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí padà. Ṣùgbọ́n ta ló ni ilé? Onílé ti kú, ìwé ilẹ̀ ti sọnù. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ló wọlé, ilé olóògbé di ilé ẹni tó ti oko wá. Ọdún 1989 ni ìjọba tó gbà pé èèyàn lè ní ilé tirẹ̀ padà, kò sì fún àwọn ti tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ẹ ń rí ní Phnom Penh, tí wọ́n lé ní mílíọ̀nù méjì báyìí, ìgbèríko ni ìdílé wọn ti wá, èyí tó pọ̀ jù ni wọ́n sì bí lẹ́yìn 1979. Oníkẹ̀kẹ́ wa yẹn lè jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Àpọ́nlé ló fi ń rẹ́rìn-ín, owó ìrẹsì ló ń wá, ó sì lè jẹ́ pé ìyá ìyá rẹ̀ wà nínú ọ̀kan lára àwọn kòtò náà. Gbogbo rẹ̀ ló lè jẹ́ òótọ́ pọ̀.

Ọ̀rọ̀ owó náà wá láti ibẹ̀. Ìlú tí wọ́n ti fagi lé owó rí, ó ṣòro kó tún gba owó tuntun gbọ́. Riel padà ní 1980, ṣùgbọ́n nígbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kó nǹkan bí 22,000 òṣìṣẹ́ àti ọmọ ogun wá ní 1992 láti ṣètò ìdìbò, dọ́là ni wọ́n ń ná, dọ́là sì jókòó. Títí dòní, ẹ óò san dọ́là márùn-ún, wọ́n á fún yín ní ṣéńjì riel, bíi 4,000 fún dọ́là kan. Wọ́n kì í gba dọ́là tó ya, kódà kó ya tín-ín-rín létí. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó gbà á. Ìjọba ń gbìyànjú kí riel lékè báyìí, ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ti ń gba owó lórí fóònù.

Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe ọ̀pọ̀ òpópónà: nọ́ńbà tí kò ṣeé pín sí méjì gba àríwá sí gúúsù, ìyókù gba ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn. Nọ́ńbà ilé kò tò tẹ̀léra, nítorí náà ẹ fi àwòrán ibi tí ẹ ń lọ han oníkẹ̀kẹ́ dípò àdírẹ́sì. Ẹ di fóònù yín mú dáadáa; àwọn ọlọ́kadà kan ń já a gbà lọ́wọ́ èèyàn lórí eré.

Ní ti bí a ṣe ń bá wọn sọ̀rọ̀, Yorùbá kò ní pẹ́ mọ̀ ọ́n. Wọn kì í fi orúkọ lásán pe ẹni tó jù wọ́n lọ. "Bong" ni ẹ̀gbọ́n, ọkùnrin tàbí obìnrin, kódà ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí. "Ming" ni àǹtí, "pu" ni àbúrò bàbá, "yeay" ni ìyá àgbà. Ẹ pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ sí igbá àyà, ẹ tẹrí ba díẹ̀. Bí ẹni náà bá ṣe dàgbà tó ni ọwọ́ yóò ṣe ga tó. Wọ́n á bi yín bóyá ẹ ti jẹ ìrẹsì, ìkíni ni. Tí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́ lóòótọ́, ẹ wá ìrẹsì ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń yan lórí èédú ní àárọ̀ kùtù, bai sach chrouk. Ẹni tó bá dàgbà lórí irú kò ní sá fún òórùn prahok, ẹja tí wọ́n gún tí wọ́n sì jẹ́ kó kan. Iṣẹ́ tí irú ń ṣe nínú ọbẹ̀ wa gan-an ló ń ṣe nínú tiwọn.

Ní Tuol Sleng, ẹ bo èjìká àti orúnkún. Ẹ gba ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣàlàyé sí etí, láìsí i ẹ ó kàn máa wo ògiri ni. Ẹ lọ síbẹ̀ kí ẹ tó lọ sí Choeung Ek, nítorí bí wọ́n ṣe kó àwọn èèyàn náà nìyẹn, ẹ má sì fi nǹkan mìíràn kún ọjọ́ náà. Ní ti pápá ìyìnbọn orí páálí, mo sọ fún oníkẹ̀kẹ́ mi pé rárá, kò bínú, ó ní àwọn àlejò ló ń béèrè. Ẹ má bi ẹnikẹ́ni pé mélòó ni wọ́n pa nínú ẹbí rẹ̀. Tó bá fẹ́ sọ ọ́, á sọ ọ́.

Bí wọ́n bá pè yín lọ wo ilé ọmọ aláìlóbìí, ẹ má lọ. Ìtàn ogun ni wọ́n fi ń gbowó lọ́wọ́ àlejò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà ni òbí wọn wà láàyè. Ẹ̀yin tí ẹnì kan sì fi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà olówó ńlá pè láti Èkó tàbí Kutọnu pé kí ẹ wá sí Kàmbódíà, ẹ yé, ẹ ṣọ́ra gidigidi: wọ́n ti kó èèyàn láti orílẹ̀-èdè púpọ̀, Áfíríkà pẹ̀lú, sínú ọgbà tí wọ́n ti ń fi tipátipá mú wọn lu jìbìtì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà, ẹ béèrè físà ní ẹ́ḿbásì kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ má gbára lé pé wọ́n á fún yín ní pápákọ̀ òfurufú.

Bó bá jẹ́ oṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá ni ẹ dé, ẹ lè bá Pchum Ben pàdé. Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Wọ́n gbà pé àwọn òkú tí ebi ń pa ń jáde wá oúnjẹ, wọ́n ń ti tẹ́ḿpìlì kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n ń wò ó bóyá ọmọ àwọn gbé nǹkan wá. Ẹni tó mọ ibojì òbí rẹ̀ mọ ibi tó yẹ kó lọ. Ẹni tí kò mọ̀, bíi ti ọ̀pọ̀ ìdílé lẹ́yìn 1975, tẹ́ḿpìlì tó bá rí ni yóò lọ. Ilé àlejò tí ẹ wọ̀ sí á dá, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ á ti lọ sí abúlé, bọ́ọ̀sì á sì wọ́n. Ẹ jí ní aago mẹ́rin òwúrọ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ rìn lọ sí tẹ́ḿpìlì tó bá sún mọ́ yín. Ẹ óò rí wọn nínú òkùnkùn, pẹ̀lú iná fóònù àti àbẹ́là, tí wọ́n ń yí ilé náà po, tí wọ́n ń ju ìrẹsì dídì sílẹ̀ sí ẹni tí wọn kò rí. Ẹ bọ́ bàtà, kí ẹ sì dúró lẹ́yìn.